Fíìmù Tí Wọ́n Ti Ń Dúró Lẹ́sẹ̀ Kan

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ìdúró ni iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ ìdúró ẹni tó ń retí ọkọ̀ o, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n ní kó dúró síta ọ́fíìsì títí ọ̀gá yóò fi ráyè. Ìdúró tí wọ́n gbà á síṣẹ́ fún ni. Nílé ìyàwòrán tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù, kí òṣèré tó jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró síbi tí òṣèré yóò dúró sí, kí àwọn oníná lè tan iná wọn sí i lójú. Wọn á sún un síwájú, wọn á sún un sẹ́yìn, wọn á ní kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, títí òjìji imú yóò fi bọ́ síbi tí wọ́n fẹ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò tán, wọn á ní, "O ṣeun, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́." Òṣèré á wá bọ́ síbẹ̀, kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Adélé ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Adélé ọba a tiẹ̀ máa rí àga jókòó lé, ti fíìmù ò rí.

Nílé, Lékèélékèé ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Láti kékeré ló ti máa ń ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ọrùn ẹsẹ̀ òsì, tí yóò wá dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bí ẹyẹ tó ń sinmi létí odò. Òun fúnra rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ náà ń gòkè. Lékèélékèé náà ni àwa yóò máa pè é, torí òun ló ni ìtàn. Kí ọkàn yín sì balẹ̀: ẹnikẹ́ni ò ní kú nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀, bàtà ló ń tún ṣe. Ọkọ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ènìyàn rò pé obìnrin náà yóò ta òòlù àti abẹ́rẹ́ ńlá, àfi bó ṣe ní kí wọ́n máa gbé bàtà wọn bọ̀. Ọdún kẹtàdínlógún nìyí. Yàrá kékeré kan ni níwájú ilé, òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù kún ibẹ̀, bàtà tó ti dáa wà lápá kan, èyí tó ń retí wà lápá kejì. Kì í kọ́kọ́ wo ènìyàn lójú, ẹsẹ̀ ló ń wò. Yóò yí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ sókè, yóò sì sọ fún ọ pé orúnkún ọ̀tún ń dùn ọ́, o ò sì ní lè jiyàn.

Kí Lékèélékèé tó di adélé, ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń ta táǹkì omi ló ti ń dáhùn tẹlifóònù. Iṣẹ́ tó fọkàn ènìyàn balẹ̀ ni, ó sì sú u dé eegun. Òṣèré ló fẹ́ dà. Nígbà tó gbọ́ pé ilé ìyàwòrán ń gba ènìyàn, ó lọ, wọ́n wò ó, wọ́n ní gíga rẹ̀ àti ti òṣèré wọn dọ́gba, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó fi iṣẹ́ táǹkì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìgbà tó délé ló tó rántí pé yóò ní láti ṣàlàyé fún ìyá.

"Kí ni wọ́n ní kó o máa ṣe níbẹ̀?" ìyá bi í. Ìṣó mẹ́ta wà létè rẹ̀.

"Eré ni màá ṣe, Màámi."

"Irú eré wo?"

Kó sọ pé wọ́n gba òun láti máa dúró kí iná lè bà lé òun lójú, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni wọ́n mú ṣe olórí eré."

Ìyá yọ ìṣó lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á wà pẹ̀lú ẹ." Ó sì padà sídìí bàtà tó ń kàn.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sí bó ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ yẹn nílẹ̀ mọ́.

Fíìmù tí wọ́n ń ṣe nígbà náà, àdììtú pọ́ńbélé ni. Ọmọbìnrin kan ló wá sí ìlú ńlá láti wá di òṣèré. Ó kan ilẹ̀kùn ilé ìyàwòrán, wọ́n ní kó wọlé, ó sì bá ara rẹ̀ nínú yàrá, tí ara rẹ̀ ọ̀hún jókòó tó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, òjò ń rọ̀ níbẹ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè. Ó ṣí òmíràn, ó bá ọkùnrin mẹ́sàn-án tí wọn ò ní ojú, tí wọn ò ní imú, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé. Ibi tí àlá parí sí àti ibi tí ojú ayé ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Tí o bá bi Olùdarí, ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n tó máa ń so síkáàfù mọ́rùn nínú oòrùn, yóò di ojú rẹ̀, yóò ní, "Ẹ má bi mí. Mo lá a ni." Ọdún mẹ́rin ló sì ti ń lá a.

Òṣèré tó ń ṣe ọmọbìnrin náà ni wọ́n ń pè ní Arẹwà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jọ pé wọ́n fún un ní dígí kí wọ́n tó fún un lọ́mú ni.

Àmọ́ ẹni tí ìtàn yìí rọ̀ mọ́ jù nílé ìyàwòrán ni Àǹtí Akọ̀wé, obìnrin kúkúrú tó ní gíláàsì méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ bá rí sínú ìwé: ọwọ́ wo ni òṣèré fi mú ife, omi inú ife dé ibo, bọ́tìnì mélòó ló ṣí sílẹ̀. Wọn kì í ya fíìmù ní títẹ̀léra. Wọ́n lè ya ẹ̀yìn ènìyàn lónìí, kí wọ́n tó ya iwájú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ife bá sì ti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí tòsì láàárín ìgbà náà, òǹwòran á rẹ́rìn-ín wọn. Nítorí náà, ohun tí Àǹtí Akọ̀wé bá ti kọ, abẹ gé e. Olùdarí pàápàá kì í bá ìwé yẹn jiyàn.

Nígbà tí Lékèélékèé ti lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀, Arẹwà ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ọ̀fìnkìn ń ṣe òun, imú òun ti pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn onílẹ̀kùn mọ́kànlá. Àwọn káfíńtà ti kàn án tán, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tú u lọ́la kí wọ́n lè rí pákó fi kan nǹkan mìíràn. Olùdarí ń lọ, ó ń bọ̀ bí ajá tó sọ egungun nù. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára Lékèélékèé, tó dúró síbi tí wọ́n fi í sí.

"Adélé, kọ ẹ̀yìn sí mi."

Ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ẹ gbé aṣọ pupa yẹn wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn nìkan la máa yà. Ṣáà má yíjú padà o! Tó o bá yíjú padà, o ti bà á jẹ́."

Ẹ wo ayé. Oṣù mẹ́rin ló fi gbé ojú fún iná, ọjọ́ tí kámẹ́rà sì máa kọ́kọ́ yà á, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn. Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe, ó wí fún ara rẹ̀. Ó wọ aṣọ pupa, ó rìn kọjá ilẹ̀kùn mẹ́wàá, ó ń wí nínú ọkàn pé: èmi ni Arẹwà, èmi ni Arẹwà. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn kọkànlá. Wọ́n ń yà á lọ. Ìgbà tí Olùdarí pariwo pé "Ó tó!" ló tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún òun ti wà lórí ọrùn ẹsẹ̀ òsì.

Kíá ló sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bíró Àǹtí Akọ̀wé nìkan ló ń rìn lórí ìwé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ara Arẹwà yá, wọ́n fẹ́ ya iwájú rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn kan náà. Àǹtí Akọ̀wé ṣí ìwé, ó kà á síta: "Ẹnu ilẹ̀kùn kọkànlá. Ó dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí ọrùn ẹsẹ̀ òsì."

"Nítorí kí ni?" Arẹwà béèrè. "Ta ló ń dúró báyẹn?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Olùdarí. Olùdarí ò mọ̀. Àmọ́ kó gbà níwájú ènìyàn pé òun ò mọ̀, ó sàn fún un kó fá rùngbọ̀n. Ó ronú títí, ó ní, "Àlá ni. Lójú àlá, ènìyàn kì í fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀."

Gbogbo wọn mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Láti ọjọ́ náà ló ti dòfin: ibi tí àlá bá wà nínú fíìmù, ẹsẹ̀ kan ni. Arẹwà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án aláìlójú, tí wọ́n fi aṣọ bò lójú, ò rí iwájú wọn rárá, wọ́n wó lu ara wọn bí àpò sìmẹ́ńtì. Ẹni tó ń ṣe ọ̀gá ńlá tó ṣèlérí pé òun á sọ ọmọbìnrin náà di gbajúmọ̀ ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n ní láti so ó mọ́ tábìlì. Lékèélékèé sá sẹ́yìn pákó, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń bọ̀ ni tàbí ẹkún. Ó yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún Olùdarí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àṣìṣe mi lẹ sọ di àlá yín"? Lílé ni wọn á lé e. Ó gbé ẹnu dákẹ́.

Bó ṣe di alárù àṣírí méjì nìyẹn, ọ̀kan níbi iṣẹ́, ọ̀kan nílé. Ẹni tó ru ẹrù méjì, ẹsẹ̀ méjì ló yẹ kó fi dúró.

Torí nílé, irọ́ ń gbèrú. Ìyá á ní, "Báwo lẹ ṣe ṣe lónìí?" Òun á ní, "Wọ́n ní kí n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, Màámi, mo dúró, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́." Ìyá á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Ìyá ò béèrè ju ìyẹn lọ rí, ìyẹn gan-an ló sì ń dun Lékèélékèé. Ìyá tó bá ń da ìbéèrè bo ọmọ, ọmọ lè bá a jà. Ìyá tó ń kanṣó jẹ́jẹ́, kí lèèyàn fẹ́ bá a ṣe?

Oṣù keje tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ni fíìmù parí. Olùdarí ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ mú ará ilé wọn wá wò ó lọ́sàn-án Sátidé, nínú gbọ̀ngàn sinimá àtijọ́, kí àwọn ará ìta tó rí i. Lékèélékèé pinnu pé òun ò ní sọ nílé. Àṣé Àǹtí Akọ̀wé, tí kì í gbàgbé nǹkan, ti fi káàdì ránṣẹ́ sílé gbogbo wọn. Ìgbà tó dé, ó bá káàdì náà tí wọ́n fi ti agolo pólíìṣì lórí tábìlì ìyá.

"Màámi, ẹ ò ní gbádùn ẹ̀," ló yára wí. "Àlá ni gbogbo ẹ̀. Ẹ ò ní mọ orí, ẹ ò ní mọ ìdí."

"Ṣé èmi kì í sùn ni? Ta ni kì í lá àlá?" Ìyá gbé káàdì jìnnà sójú kó lè kà á. "Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá. Màá pe ẹ̀gbọ́n mi, màá sì pe Tíṣà."

Ẹ̀gbọ́n Màámi ni obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, ohun tó bá rí láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Tíṣà ni olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé yàrá òkè, tí ènìyàn bá kí i, yóò kọ́kọ́ tún ìkíni ọ̀hún ṣe kó tó jẹ́ ẹ. Lékèélékèé gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì. Ó ti ń rí i: iná á kú, ojú Arẹwà á yọ, ẹ̀gbọ́n Màámi á ní, "Ọmọ wa dà?", Màámi á sì tẹ orí ba láàárín àwọn ènìyàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ lọ tó ọdún kan.

Lọ́sàn-án Sátidé, ìyá gbé bàtà Lékèélékèé sórí itan, ó ń kun ún ní pólíìṣì. Lékèélékèé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi..."

"Hẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun. "Ṣé kí n bu omi fún yín?"

"Òǹgbẹ ò gbẹ mí." Ìyá gbé bàtà òsì, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí awọ ti bó. Ó kun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Wọ̀ ọ́, ká máa lọ. Mi ò fẹ́ jókòó sẹ́yìn ẹni tó ní orí ńlá."

Gbọ̀ngàn náà kún. Àga rẹ̀ ń dún tí ènìyàn bá mí. Lékèélékèé jókòó láàárín ìyá àti ẹ̀gbọ́n ìyá, Tíṣà wà létí. Iná kú. Lára aṣọ funfun ńlá tí wọ́n ta sára ògiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yọ, aṣọ pupa sì wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn, tó tóbi bí ilé. Kò rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ rí láyé rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé ó gún tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn náà kọjá ilẹ̀kùn mẹ́wàá. Ó dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gòkè.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín tó ti inú wá ni, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Àwọn tó wà níwájú yíjú padà, wọ́n ní "ṣíì!" Ìyá fi gèlè bo ẹnu. Lékèélékèé mú apá àga mọ́ra. Ojú Arẹwà ti yọ báyìí, ó tóbi, ó ń dán, ó ní ẹ̀rù ò ba òun, kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni fi lè pè é ní ọmọ aṣebàtà. Lékèélékèé ń retí kí ìyá yíjú sí òun. Ìyá ò yíjú. Ọ̀gá ńlá gbé ẹsẹ̀ sókè nídìí tábìlì tó ń ṣèlérí, ìyá tún rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́sàn-án aláìlójú gbé ẹsẹ̀, ìyá fi ìgúnpá gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin inú fíìmù bọ́ síta láàárọ̀, ó dúró létí títì nínú aṣọ tó gbé wá láti ilé, kò sí àtẹ́wọ́, kò sí òjò. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ìyá dákẹ́ pátápátá, Lékèélékèé sì rí i tó nu ojú.

Iná tàn. Ó hàn pé kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Olùdarí jáde síwájú, síkáàfù lọ́rùn, òógùn níwájú orí. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, kó béèrè.

Tíṣà dìde. "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Àlá ni, sà," Olùdarí dáhùn. Ohùn rẹ̀ kéré. Ibẹ̀ ni Lékèélékèé ti kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà, pé ọdún mẹ́rin ló fi ń sọ "mo lá a" torí pé òun náà ò rí ìtumọ̀ rẹ̀ mú.

Ìyá na ọwọ́ sókè. Lékèélékèé ní kí ilẹ̀ là kí òun wọlé, ilẹ̀ ò là.

"Mi ò ní ìbéèrè," ìyá wí. "Ó yé mi ni. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ sókè, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọ̀gá yẹn tó lóun á sọ ọmọ náà di èèyàn ńlá, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó wà lókè. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ tí ò dénú, ẹsẹ̀ wọn wà lókè. Ọmọ yẹn fúnra ẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní ẹ̀rù ò ba òun. Irọ́ ni, ẹ̀rù ń bà á. Ìgbà tó dé etí títì tó fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ yìí ti jí. Fíìmù yín dáa. Òótọ́ ni mo wá wò, mo sì rí i."

Ariwo ta. Ẹni tó wà níwájú ní, "Ah! Bẹ́ẹ̀ ni o!" Ẹni tó wà lẹ́yìn ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé òun ti fura tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá pàtẹ́wọ́ gidi. Olùdarí jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó tú síkáàfù lọ́rùn, ó fi nu ojú.

"Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?" ló béèrè.

Ìyá wo Olùdarí lójú kòrókòró. "Iṣẹ́ bàtà ni mò ń ṣe," ó ní. "Ẹsẹ̀ ni mo mọ̀." Ó sì jókòó.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Àǹtí Akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà, ìwé rẹ̀ lábíyá. Ó di Lékèélékèé lọ́wọ́ mú.

"Mo rí ẹ lọ́jọ́ yẹn," ó sọ sí i létí. "Gbogbo ohun tí ojú mi bá rí ni mò ń kọ. Àmọ́ n kì í kọ orúkọ ẹni tó ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ. Ẹrù kan bọ́ lórí Lékèélékèé níbẹ̀.

Níta, oòrùn ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n Màámi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí lẹ tún rò? "Ẹ̀yìn ẹ nìyẹn, àbí? Mo sọ fún Tíṣà! Mo ní ẹ̀yìn ọmọ wa nìyí! Ìyá ẹ ti sọ fún wa pé ìwọ lò ń dúró kí wọ́n fi to iná, pé ká ṣáà máa wò bí iná ṣe bọ́ sí i. Iná yẹn dáa o!"

"Ó bọ́ sí i dáadáa," Tíṣà tún un ṣe.

Àwọn méjèèjì ń lọ níwájú, wọ́n ń jiyàn. Lékèélékèé dúró lójú kan, ìyá sì dúró tì í.

"Màámi. Ẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ tó o sọ ọ́ ni mo mọ̀. O ní, 'Èmi ni olórí eré,' ẹsẹ̀ ẹ ń gòkè. Láti ìgbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni. Ìwọ tó o jẹ ṣúgà, tó o ní o ò jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lo fi dúró láti sọ ọ́. Kí lo rò pé mo ṣe ń pè ẹ́ ní Lékèélékèé?"

"Mo rò pé... mo rò pé mo kàn máa ń dúró bẹ́ẹ̀ ni."

"Èèyàn kì í kàn dúró bẹ́ẹ̀. Ṣé o ò rí bàtà òsì ẹ? Láàárín oṣù méje, o ti fi bàtà ọ̀tún ra gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bó. Pólíìṣì mi ti fẹ́ẹ̀ tán."

Lékèélékèé bú sẹ́kún, ó sì bú sẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. "Ẹ dárí jì mí, Màámi. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tó o bẹ̀rẹ̀, o gbàgbé agboòrùn sílé, mo gbé e tẹ̀ lé ẹ. Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní, 'Adélé ni? Èyí tí wọ́n ń tan iná sí?' Ó jẹ́ kí n yọjú. Mo rí ẹ. Gbogbo iná yẹn wà lójú ẹ, baba kan ń sọ pé gbé àgbọ̀n sókè, ò ń gbé e. Mo wo ẹsẹ̀ ẹ. Méjèèjì wà nílẹ̀, wọ́n dúró digbí. Mo ní, ah, èyí kì í ṣe irọ́, ọmọ mi ti rí ibi tó fẹ́ wà. Mo gbé agboòrùn náà, mo padà sílé. Ohun tó o fi pamọ́ fún mi ò burú, mo wá ní kí n ní sùúrù títí wàá fi sọ ọ́ fúnra ẹ."

Lékèélékèé rántí òjò tó pa á lọ́jọ́ náà. Ó mí kanlẹ̀, irú èémí tí kò mí láti oṣù méje, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó wá yé e ìdí tí ẹsẹ̀ òun kì í fi í gòkè lọ́jọ́ tí òun bá ń dúró fún iná, àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé aṣọ Arẹwà wọ òun, tí òun ń wí nínú ọkàn pé èmi ni Arẹwà.

Ìyá nu ojú fún un pẹ̀lú etí gèlè. "Ó dùn ẹ́ pé wọn ò ya ojú ẹ?"

"Rárá o, Màámi. Kò dùn mí."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ̀ ọ́n lára. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá ò wo ìsàlẹ̀ rárá, ojú ọ̀nà ló ń wò. Lékèélékèé fúnra rẹ̀ ló sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀.

"Ó dùn mí díẹ̀," ó ní. "Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n ya ojú mi lọ́jọ́ kan."

Ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, wọn ò mira.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ìyá wí. "Òótọ́ nìyẹn, ká jọ máa gbé e lọ sílé." Ó di apá rẹ̀ mú, wọ́n sì tẹ̀ lé àwọn àgbà méjì tó ń jiyàn níwájú.